Ẹ̀yin Kọ́ Lẹ Ò Mọ̀ Ọ́n Tẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Elétí fi jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé ẹjọ́, tó ń fi etí gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Adájọ́ sọ̀rọ̀ tán, lọ́yà gbà á, ẹlẹ́rìí wúkọ́, ẹnìkan wọ́ àga nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ etí rẹ̀. Kí ọdún kẹta tó pé, ó ti lè fi èémí lásán mọ ẹlẹ́rìí tó fẹ́ parọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Elétí. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fún un wà nínú ìwé ìjọba; Elétí ló wà lẹ́nu aráyé, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀rọ kan ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ń gbọ́, ó ń tẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í gba àyè lọ tọ́jú ọmọ. Àwọn méje ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n fún àwọn méjèèje ní lẹ́tà ó-dàbọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà náà. Ó sunkún fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó bọ́jú, ó ní, "Ṣé ẹ̀rọ ni? Èmi náà á lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀." Ló bá lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kóòdù. Àwọn ọmọ tí òun ì bá bí ló yí i ká níbẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Màmá Kíláàsì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn náà ló ń rọ́ wá sídìí àga rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan gbà á: ènìyàn mẹ́fà, yàrá méjì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta dígí ojú. Áàpù orí fóònù ni wọ́n ń ṣe. Ohunkóhun tó bá ń dún nínú áàpù wọn, ì báà jẹ́ agogo, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀, Elétí ni wọ́n ń gbé e fún. Ọ̀gá wọn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ yọ obì lápò olóbì. Ó ń pe Elétí ní Àńtí, Elétí ń pè é ní Ọ̀gá, àwọn méjèèjì sì ń fi "ẹ" bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Elétí kì í ṣe aláriwo. Àwọn mìíràn bínú, ará ilé gbọ́, èrò ọ̀nà gbọ́. Tirẹ̀ máa ń tutù bí irin tó sun ìta mọ́jú ni. Ọkọ rẹ̀ a máa fi dápàárá pé, "Bí ìyàwó mi bá ń pariwo, mo ń jẹun mi lọ. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń wá fìlà mi."

Ilé ìkàwé kan tó wà fún àwọn tí kò ríran ló gbé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí wá. Ìwé tó lé ní irinwó ni wọ́n ti kà sókè, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn wọn máa gbọ́ ọ lórí fóònù, níbi yòówù kí wọ́n wà. Ọ̀gá sọ fún wọn pé, "A ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì ṣiṣẹ́ lórí gbogbo fóònù." Inú wọn dùn.

Irú fóònù méjì ló pọ̀ lọ́wọ́ aráyé: èyí tó wọ́n bí ojú, irú èyí tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, àti ti mẹ̀kúnnù, irú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣe áàpù náà fún. Òótọ́ ni pé kóòdù kan náà lè wọ inú méjèèjì, àmọ́ ìwà wọn ò dọ́gba. Ọmọ ìyá ni wọ́n; ohun tí ọ̀kan ń jẹ kì í bá èkejì lára mu.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́ náà, Elétí ṣí ìwé kan lórí fóònù mẹ̀kúnnù, ó da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó lọ fọ ife. Kó tó nu ọwọ́ tán, yàrá ti dákẹ́. Ó gbé fóònù náà wò. Ojú rẹ̀ ti ṣú, ohùn òǹkàwé sì ti bá a lọ. Ó tàn án, ó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí.

Ó yé e kíá. Fóònù yẹn, bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo iṣẹ́ tí wọn ò bá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa ni yóò pa, kí bátìrì má bàa tán. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn máa lọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú kóòdù pé: èyí ṣì ń lọ lọ́wọ́, má fọwọ́ kàn án. Ó tún gbọ́dọ̀ fi àmì kékeré kan tó ní bọ́tìnì sójú fóònù, kí fóònù àti ẹni tó ni ín lè mọ̀ pé nǹkan ń dún. Ó sì gbọ́dọ̀ máa sàmì síbi tí olùgbọ́ bá bá a dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Elétí fi ṣe é. Ó fi fóònù sápò, ó ń dún. Ó fi sí abẹ́ ìrọ̀rí, ó ń dún. Ó ní kí ọkọ òun pe fóònù náà; ìwé dúró, ó dúró de ìpè kó parí, ó sì bẹ̀rẹ̀ padà láti orí ọ̀rọ̀ tó ti dúró.

"Kò sí afọ́jú tó ń wo ojú fóònù," ó sọ fún Ọ̀gá. "Bí èyí ò bá sí níbẹ̀, a ò tíì ṣe nǹkan kan fún wọn."

"Àńtí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni Ọ̀gá dá a lóhùn, láì gbójú sókè.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbé áàpù náà jáde, Elétí gba àyè lọ sí ìpàdé àwọn òbí níléèwé ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gá sọ̀rọ̀, ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Elétí ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Wẹ́dà ni tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún méje, títí ó fi di pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé nìkan ló ń rí, nígbà tó sì yá, kò rí ìyẹn náà mọ́. Kò jókòó kalẹ̀. Ó wá iṣẹ́ sílé búrẹ́dì, ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń gé e, ó ń rọ ọ́ sínú agolo. Àwọn tó ríran ń fi òṣùwọ̀n wọn tiwọn. Òun ń fi ọwọ́ wọn tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn mu. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi áàpù náà sórí fóònù.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó pe Elétí.

"Elétí, ohùn yín yìí ń kú lójú ọ̀nà o."

"Kò lè kú, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣe é."

"Mo ní ó ń kú. Bí mo bá ti tì í sápò, kí n tó ka ọgbọ̀n, ó ti dákẹ́. Bí mo bá sì tún un tẹ̀, á ní ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbá a mọ́lẹ̀ bí ìyẹ̀fun."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Elétí gbé fóònù sílẹ̀, ó bá iṣẹ́ ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó kó oògùn ikọ́ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé búrẹ́dì. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ooru ibẹ̀ pọ̀, ìyẹ̀fun funfun bo gbogbo nǹkan, títí kan ipéǹpéjú àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sídìí tábìlì gígùn kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rì sínú ìyẹ̀fun pípò títí dé ọrùn ọwọ́. Fóònù rẹ̀ wà lápò àyà épúrọ́ọ̀nù, ohùn òǹkàwé kan sì ń ti ibẹ̀ jáde, tó ń sọ ìtàn onílé kan àti ayálégbé rẹ̀. "Onílé gbá ilẹ̀kùn," ni ohùn náà sọ, "ó na ìka sí i, ó ní—"

Ó bá dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú ìyẹ̀fun, ó wá àkísà, ó nu ìka kọ̀ọ̀kan, ó yọ fóònù lápò, ó wá bọ́tìnì kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà kẹrìndínlógún nìyẹn láàárọ̀ yìí," ni obìnrin tó wà nídìí ààrò sọ, kò mọ ẹni tí Elétí jẹ́. "Kò sí ẹni tí ò mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn lórí nínú wa. Onílé gbá ilẹ̀kùn, ó na ìka. Ohun tó sọ gan-an, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ṣe nǹkan yẹn, orí wọn ò pé."

Elétí wo fóònù ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹ̀fun ti gbẹ mọ́ ọn lára bí èépá egbò.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ẹ forí jì mí."

"Àṣé ìwọ nìyẹn. Kí lo ṣe?"

"Mo ní ẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ̀."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀."

Ó gba ibẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Ó gun àtẹ̀gùn, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwọn, bí ẹnikẹ́ni bá yí kóòdù padà, kọ̀ǹpútà a máa kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ ẹni náà, ọjọ́, aago, àti ìdí tó fi yí i. Elétí wá a títí ó fi dé ọjọ́ tí òun lọ sí ìpàdé òbí. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, nírọ̀lẹ́. Orúkọ Ọ̀gá ló wà níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti fà tu. Nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ń kọ ìdí sí, ó kọ ọ́ pé: *Mo yọ apá ohùn yìí. Àmì rẹ̀ ń ba ẹwà ojú áàpù jẹ́ fún ìfihàn ọ̀la. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.*

Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Elétí ti gbọ́ báyìí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tẹ ojú ìwé náà jáde, ó ṣẹ́ ẹ po, ó wọ yàrá Ọ̀gá.

"Àńtí! Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ yọ iṣẹ́ tí mo ṣe."

Ọ̀gá rántí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé ti àmì yẹn? Ó ń bọ́ sójú àwòrán tí a fẹ́ fi han àwọn oníròyìn. Mo sì dán an wò lórí fóònù tèmi, ó ń dún láìsí i."

"Fóònù tiyín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èèyàn mélòó nínú àwọn tí kò ríran yẹn ló ní irú fóònù yín?"

"Àńtí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. A máa dá a padà bó bá di oṣù tó ń bọ̀. Ẹni mẹ́tàlélógún péré ló tíì ké, mo sì ti fèsì fún wọn." Ó na ẹ̀dà lẹ́tà èsì náà sí i, bí ẹni tó fẹ́ fi ṣìpẹ̀.

Elétí kà á. Lẹ́tà náà ní wọ́n ti ṣàyẹ̀wò áàpù náà, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní ó hàn pé àwọn olùgbọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni, wọ́n sì ti fi ìwé ìtọ́ni ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn nílé. Ìwé ìtọ́ni ọ̀hún wà lẹ́yìn lẹ́tà. Bébà dídán ni, aláwọ̀ mérìíríì: àwòrán fóònù, àwòrán ìka, ọfà pupa tó ń tọ́ka sí bọ́tìnì.

"Ìwé aláwòrán," Elétí ní. "Ẹ fi ìwé aláwòrán ránṣẹ́ sí afọ́jú."

"Àwọn ará ilé wọn á ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn."

Elétí ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀gá ti yí padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

Nígbà tí wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́, ọkọ rẹ̀ rí i pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó bi í, Elétí sì sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ wò. "Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ ò pọ̀ níta. Rọra ṣe é."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi, tó fi iṣẹ́ wẹ́dà rán mi níléèwé, mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé kò mọ bọ́tìnì tẹ̀. Ó sì gbà á! Ó ní bóyá òun ni òun ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń bá mi jiyàn? Ẹni tó máa ń bá mi jiyàn lórí bóyá òjò máa rọ̀, ó gbà á."

Ọkọ rẹ̀ rọra ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹni tó ń darí ilé ìkàwé náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fi bébà dídán tàn. Ìyá kan ni, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, tó ti fi èyí tó pọ̀ nínú ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran ní ìwé. Màmá ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Nígbà tí ìwé aláwòrán náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó ránṣẹ́ pé kí Ọ̀gá àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá bá òun lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá.

Elétí mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání lọ. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ilé búrẹ́dì tààrà ni wọ́n ti wá, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun ojú ọkùnrin náà.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ dáadáa bó ṣe máa ń sọ ọ́. Ó gbé fóònù tirẹ̀ sí àárín tábìlì, ó tẹ ìwé kan, ó pa ojú fóònù, ohùn sì ń lọ geere. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín," ó ní. Ẹni méjì mi orí.

"Ẹ jẹ́ kí tèmi náà sọ̀rọ̀," ni ẹ̀gbọ́n Elétí wí. Ó fọwọ́ wá etí tábìlì, ó gbé fóònù rẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́. Ìtàn onílé bẹ̀rẹ̀. Ojú fóònù ṣú. Onílé gbá ilẹ̀kùn, ó na ìka, ó ní. Ó bá tán síbẹ̀. Aago ara ògiri nìkan ló kù tó ń dún nínú yàrá náà.

"Bàbá," Ọ̀gá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, "bí ẹ bá kàn fọwọ́ kan ojú ẹ̀ báyìí..."

"Kí n máa fọwọ́ kàn án. Ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ọmọ mi, láti aago mẹ́fà àárọ̀ lọwọ́ mi ti wà nínú ìyẹ̀fun. Ṣé imú ni kí n máa fi tẹ̀ ẹ́?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì.

"Ó lè jẹ́ pé fóònù yín ló ti gbó díẹ̀..."

"Kò gbó," Elétí ní. Ó ti dìde. "Ìwọ lo yọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí i. Ohun tó sọ kọ́ ló kọ́kọ́ bà wọ́n, bó ṣe sọ ọ́ ni. *Ìwọ.* Ọ̀gá pàápàá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Elétí tú ìwé tó tẹ̀ jáde, ó kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ẹ̀rí padà nílé ẹjọ́ ìgbà kan: ọjọ́, aago, orúkọ, ìdí. Nígbà tó dé orí "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀," ó tún un kà. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìwé náà síwájú Màmá.

"Ènìyàn lè ṣàṣìṣe," ó ní. "Bó o bá ní ìkánjú ló bá ọ, màá bínú, ó sì máa tán. Àmọ́ o mọ̀! O mọ̀ pé ọwọ́ ara rẹ lo fi yọ ọ́, o wá jókòó, o kọ̀wé sí ẹni mẹ́tàlélógún pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Láti ọjọ́ tójú wọn ti fọ́ ni gbogbo ayé ti ń sọ fún wọn pé wọn ò mọ nǹkan kan mọ́: ẹ dìde kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe, o sì fi irọ́ gbà á padà. Mo fọkàn tán ọ, mo sì sọ irọ́ kan náà fún ọmọ ìyá mi."

Ojú Ọ̀gá ti pọ́n. "Àńtí, ẹ ò yẹ kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀ báyìí níta."

"Ibo lo ti sọ ọ̀rọ̀ tiwọn?"

Màmá bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé náà. Kò wo Ọ̀gá. Elétí ló bi. "Ọjọ́ mélòó lẹ máa fi dá a padà?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Elétí ò tíì ronú nípa ìyẹn, àmọ́ bí wọ́n ṣe bi í ló mọ̀ ọ́n. "Mo fẹ́ fi fáìlì kan síwájú gbogbo ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí áàpù náà, òun ni á kọ́kọ́ dún. Àwa la máa tọrọ àforíjì níbẹ̀."

"Nínú áàpù wa?" Ọ̀gá fò dìde. "Ká fi ẹnu ara wa ba orúkọ ara wa jẹ́?"

"Bí kò bá sí níbẹ̀," Màmá dá a lóhùn, "ẹ kó áàpù yín lọ, a ò gbà á mọ́." Ó mú ìwé aláwòrán náà, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ kó èyí náà dání."

Elétí dá iṣẹ́ rẹ̀ padà lọ́jọ́ méjì ààbọ̀. Ó wọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó páálí sí, nítorí ohùn kì í dún padà níbẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló gbà á. Ní mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó ń gbìyànjú kí ìbínú má hàn nínú ohùn rẹ̀. Ní ti ìkọkànlá, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe rí:

"Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mo ṣe ohùn inú áàpù yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohùn ti ń kú mọ́ yín lọ́wọ́, a sì ní ẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Àwa la yọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, àwa náà la tún di ẹ̀bi rẹ̀ rù yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ bínú dáadáa. Ó tọ́ sí yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti ilé búrẹ́dì, ariwo ààrò wà lẹ́yìn rẹ̀. "Àforíjì rẹ dáa, àmọ́ o sáré sọ ọ́ jù. Àti onílé yẹn! Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Ẹ bá mi gbé àkàbà yẹn.' Gbogbo ariwo ilẹ̀kùn yẹn, àkàbà ló ń tọrọ! Àwọn ará ibí ń bínú, wọ́n ní àwọn á pe ẹni tó kọ ìwé náà lẹ́jọ́." Elétí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan.

Ó gba orúkọ àwọn mẹ́tàlélógún lọ́wọ́ Màmá, ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú u, ó ní ẹ ṣeun. Àwọn kan ti mọ̀ pé ohùn ti dára, wọ́n ti gbọ́ ìwé méjì, mẹ́ta. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gbé fóònù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e. Ó ní ìyá òun ti dá fóònù náà padà fún òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Elétí lọ sílé wọn, àjà kẹta, àtẹ̀gùn tóóró. Nọ́ọ̀sì àgbà ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tọ́jú aláìsàn, ó ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí wọn ò lóǹkà bí wọ́n ṣe ń wá iṣan. Ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà pọ̀ nílẹ̀.

"Mà, ẹ̀yin kọ́," Elétí ní, lẹ́yìn tó ti kúnlẹ̀ kí i. "Àṣìṣe wa ni. Ohùn náà ì bá kú mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo ti tún un ṣe."

"O ṣeun, ọmọ mi."

"Mo gbé fóònù kan wá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ìyá náà gbà. Elétí fi fóònù sí i lọ́wọ́. Ìyá náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ìka rẹ̀ kò ṣìnà rárá. Àforíjì dún, ìwé bẹ̀rẹ̀, ojú fóònù ṣú, ohùn sì ń lọ. Ó fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò. Lẹ́yìn náà, ó na fóònù náà padà.

"Ó dára gan-an. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ ẹ. Àmọ́ má jẹ́ kó yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún mi, mo ṣe gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sọ fún ara mi pé, ọpọlọ rẹ ti lọ nìyẹn, jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti jókòó."

"Mà, ọpọlọ yín ò lọ síbì kankan! Ẹnìkan ló jókòó sí ọ́fíìsì tó..."

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ ohun tó o sọ." Ó fọwọ́ kan ejìká Elétí. "Rédíò mi ti tó mi. Ṣé wàá mu omi?"

Elétí mu omi náà. Ó dágbére, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ní àtẹ̀gùn kejì, ó dúró, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, débi pé ẹnìkan ṣílẹ̀kùn láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú.

Ọ̀gá kò lé e níṣẹ́. Màmá ti sọ pé Elétí nìkan ni òun á máa bá sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́jọ ló tún lò níbẹ̀ kó tó ríṣẹ́ mìíràn. Kò tún fi "ẹ" bá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kúrò, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìdí. Ó ṣì ń lọ sí àjà kẹta yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá náà máa ń gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, á sọ ìtàn àwọn aláìsàn àtijọ́ fún un, á béèrè ọkọ àti ọmọ. Bí Elétí bá sì mẹ́nu ba fóònù, á ní òjò àná wọlé láti òkè fèrèsé yẹn, kó jọ̀ọ́, kó bá òun wò ó bóyá ògiri ti ń rẹ.